Ohun Tí Mo Kó Sínú Agolo Páúdà Ọmọ

Àwọn tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà nìyí. Mo máa dárúkọ gbogbo wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lẹ́yìn mi pé irọ́ ni mo pa.

Olúgbénga àkọ́bí mi wà níbẹ̀. Ilé rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ṣẹlẹ̀, yàrá kan àti pálọ̀ tó háyà ní Ẹ̀gbẹ́dá. Abigail ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó wọ léèsì. Alàgbà Simeon láti ìjọ aláṣọ funfun wa ní Ìkòtún wà níbẹ̀, kò wọ bàtà. Julius àbúrò mi wà níbẹ̀, mọ́ínmọ́ín wà lẹ́nu rẹ̀. Susanna Adéríbigbé, ìyá Abigail, wà níbẹ̀. Èmi Matilda Ọdẹ́tọ́lá wà níbẹ̀. Adébùnmí, ọmọ tuntun, wà níbẹ̀, lórí itan Susanna, níbi tí kò yẹ kó wà.

Mẹ́ta ti kú nínú wọn. Ẹ bi àwọn tó kù.

Ọdún 1989 ni. Mo ka ìwé gírámà yanjú, nítorí náà ẹ má rò pé òpè ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Nílé ọkọ mi ní Ìkòtún, èmi ni wọ́n ń wá bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ẹni. Àwọn ọkùnrin ń bẹ nínú ilé náà tí wọn ò mọ orúkọ ẹni tó bí baba wọn. Èmi mọ̀ ọ́n. Mo mọ ìyá tó bí i, mo sì mọ ibi tí ìyá náà ti wá.

Ibi ìwẹ̀ ọmọ ni mo ti kọ́ ọ. Ní ìdílé Ọdẹ́tọ́lá, ìyá ọkọ ló ń wẹ ọmọ tuntun. Á jókòó sórí àpótí, á na ẹsẹ̀ méjèèjì, á gbé ọmọ lé ojúgun. Bó ṣe ń da omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ sí i lára, tó ń fi òrí ra á, tó ń na apá àti ẹsẹ̀ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lá máa pe orúkọ àwọn tó ti lọ sí i létí, lọ́kọ̀ọ̀kan, láràárọ̀, títí ọmọ á fi lè dá jókòó. Ìyá ọkọ mi ló wẹ Gbénga. Èmi ń gbé omi fún un, mo sì ń gbọ́. Ọmọ tí a ò bá wẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń sọ pé ó dé ọ̀ọ̀dẹ̀ ni, kò tíì wọlé.

Nígbà tí Abigail lóyún, kò sí ohun mìíràn tí mo ń retí. Mo ti ra òrí. Mo ti ra kànrìnkàn. Mo ti mú oríkì sílẹ̀ kí wọ́n tó bí i pàápàá: bó bá jẹ́ obìnrin, Àwẹ̀ró.

Ṣùgbọ́n mo ní bárakú kan. Aṣáà ni, tábà tí wọ́n lọ̀ kúnná pọ̀ mọ́ káún. Eyín ló ń dùn mí ní ọdún tí ọkọ mi kú, ẹnìkan sì ní kí n fi díẹ̀ sí i. Eyín náà ti yọ tipẹ́, aṣáà kò bá a lọ. Bí mo bá jí, kí n tó kí ẹnikẹ́ni, ìka mi ti wà nínú agolo. Díẹ̀ sí ahọ́n, díẹ̀ sí ihò imú. Ìjọ wa ka tábà léèwọ̀, nítorí náà mo máa ń fọnu, mo máa ń jẹ orógbó, mo sì máa ń jókòó nítòsí tùràrí.

Wọ́n bí ọmọ, mo lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, mo bẹ̀rẹ̀ sí wẹ̀ ẹ́. Gbogbo ìgbà tí mo bá wẹ̀ ẹ́ tán ni ọmọ náà á máa sín títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n. Mo ní òtútù ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, Abigail mú ọwọ́ mi, ó gbé ìka mi sí imú rẹ̀.

"Màmá, aṣáà nìyí."

"Ṣé ajá ni ọ́, tó o fi ń gbóòórùn mi?"

"Ẹ má bínú, mà. Ẹ ò ní fọwọ́ kan ọmọ mi mọ́ títí ẹ ó fi jáwọ́ nínú rẹ̀."

"Abigail, ta lo rò pé ó wẹ ọkọ rẹ?"

"Ìyá ọkọ yín ni, mà. Ẹ ti sọ fún mi." Ó ń ká nápì lọ, kò wo ojú mi. "Ẹ sì sọ pé màmá yẹn kì í lá aṣáà."

Ìyàwó tí mo fọwọ́ ara mi gbà wọlé nìyẹn o, ẹ̀yin òǹkàwé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ó ti ránṣẹ́ pe ìyá rẹ̀.

Susanna Adéríbigbé rí tín-ín-rín, ó wà nínú ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ohùn rẹ̀ kò sì lọ sókè rí. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ máa bẹ̀rù. Ó dé pẹ̀lú àpò rẹ̀, ó kí mi lórí ìkúnlẹ̀, ó pè mí ní àna rere, ó sì kọjá lọ gba kànrìnkàn mi. Láti pálọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìnkùlé bó ṣe ń da omi sí ọmọ lára: ọmọ Adéríbigbé, ọmọ Adéríbigbé. Ọmọ mi ló ń kó wọ ilé baba tirẹ̀. Èmi jókòó, mo ń gbọ́.

Mo pe Gbénga. Mo ní kí ó pe gbogbo wọn jọ. Mo gbé Bíbélì lé àyà, mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, aṣáà kò ní kan ẹnu mi mọ́ láéláé, bó bá sì kan án kí ahọ́n mi lẹ̀ mọ́ àjà ẹnu mi. Mo bá wọn jáde lọ sí ṣáláńgá, mo ju agolo aṣáà mi sínú rẹ̀ lójú gbogbo wọn. Omi bọ́ lójú Gbénga.

Susanna ní, "Àna mi, ẹ̀jẹ́ yín ga o. Ẹ ṣáà máa wo ilẹ̀ tí ẹ bá ń bọ̀."

Gbénga ní ó dára. Ó ní kí n ṣe é títí di ọjọ́ ìdúpẹ́ ọmọ, ọjọ́ tí Abigail máa jáde ilé lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ìgbà àkọ́kọ́. Bí mo bá mú un dé ibẹ̀, èmi ni màá wẹ ọmọ ní àárọ̀ ọjọ́ náà, èmi náà ni màá sì máa wẹ̀ ẹ́ lọ.

Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí mo fi mọ̀ pé bárakú kì í gbọ́ èdè ìbúra. Orí ń fọ́ mi. Itọ́ ń gbẹ lẹ́nu mi. Mo bú onílé, mo bú ọlọ́mọge tó wá pọnmi, mo bú adìyẹ. Inú pálọ̀ kan náà lèmi àti Susanna ń sùn, lórí ẹní méjì, bí ẹlẹ́wọ̀n àti wọ́dà. Bí mo bá yí padà, á ní, "Àna mi, ṣé kò sí o?" Mo mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn.

Ìgbà náà ni Julius wá kí wa. Julius àbúrò mi yìí, aṣáà ni àárọ̀, aṣáà ni alẹ́. Ó wò mí, ó mi orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú yín ti pọ́n bí ata. Ta ló ṣe yín báyìí?"

"Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́."

"Ẹ̀jẹ́ ni oúnjẹ?" Ó yọ aṣáà díẹ̀ tó fi bébà wé, ó tì í sábẹ́ gèlè mi. "Ẹ tọ́ ọ wò. Ọlọ́run kò sí ní Ẹ̀gbẹ́dá lónìí, ó lọ kí wọn ní Dọ̀pẹ̀mú."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló pa mí. Ẹni tó bá ti ń bá ìdẹwò ṣeré, ó ti gbà fún un.

Ibo ni kí n fi í pamọ́ sí nínú ilé tí ìyàwó ọmọ ń gbóòórùn ènìyàn? Mo rí agolo páúdà ọmọ kan tó ti tán, tí Abigail ti sọ sínú pàǹtí. Mo gbọ̀n ọ́n nù, mo da aṣáà sínú rẹ̀, mo dé e. Ta ni yóò fura sí ìyá àgbà tó di agolo páúdà mú? Bí mo bá fẹ́ lá a, mo máa ń lọ sí ẹ̀yìn ilé bí ẹni fẹ́ fi páúdà sọ́rùn. Páúdà tó ṣẹ́ kù lára agolo náà ń bo òórùn rẹ̀. Abigail pàápàá ní, "Màmá, ẹ ti ń ta sánsán báyìí o."

Susanna nìkan ló wò mí lẹ́ẹ̀mejì.

"Àna mi, ẹ fẹ́ràn páúdà o. Ṣé ara ń gbóná ni?"

"Ooru Ẹ̀gbẹ́dá ni."

"Háà. Ooru náà kò mọ̀ mí rárá."

Ọjọ́ ìdúpẹ́ dé. Omi ìwẹ̀ ọmọ ti wà lórí iná, tèmi ni. Gbénga ti dì mọ́ mi, ó ní, "Màámi, ẹ ṣe é." Mo wọ sùtánà mi funfun. Mo ti yọ́ lọ lá díẹ̀ láàárọ̀ kùtùkùtù kí ọwọ́ mi má baà gbọ̀n níwájú ènìyàn, mo sì ti fi ọṣẹ bó ìka mi dáadáa. Bí mo ṣe ń wọlé ni Gbénga pè mí pé àdúrà ti yá. Mo gbé agolo mi sórí wíńdò, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo páúdà ti ọmọ. Agolo méjèèjì bára wọn mu bí ìbejì.

Alàgbà Simeon bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà rẹ̀ gùn. Ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ìyá àgbà tó borí ẹ̀ṣẹ̀ ara. Ooru mú ọmọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún lórí itan Susanna.

Mo la ojú díẹ̀. Susanna na ọwọ́ sí wíńdò.

Ó mú tèmi.

Ẹ gbọ́ ibi tí ọ̀rọ̀ mi wà gan-an. Mo rí i. Mo lè pariwo. Mo lè ní, "Susanna, gbé e sílẹ̀." Kò ju ọ̀rọ̀ mẹ́rin lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá sọ ọ́, gbogbo wọn á mọ ohun tó wà nínú agolo náà. Mo rò ó. Bí mo ṣe ń rò ó, ó ń ṣí ìdérí. Mo tún pa ojú dé. Mo ní bóyá yóò rí àwọ̀ rẹ̀ kí ó tó dà á. Òun náà pa ojú dé nítorí àdúrà.

Ó gbọn agolo náà sí ọrùn Adébùnmí.

Ọmọ náà fà á símú. Ó sín, ó sín, ó wá dá ẹkún dúró, ó la ẹnu sílẹ̀ láìsí ohùn. Ojú rẹ̀ di dúdú. Abigail ké. Susanna wo ọwọ́ rẹ̀, ó rí ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú, ó gbé e sí imú.

"Aṣáà ni," ló wí. Kò pariwo. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ orúkọ ẹni tó kan ilẹ̀kùn.

Gbénga já ọmọ gbà, ó sáré jáde láìwọ bàtà. Abigail tẹ̀ lé e. Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìkóríta. Alàgbà Simeon dúró pẹ̀lú ọwọ́ sókè, kò mọ̀ bóyá kí òun ṣe àmín. Julius yọ́ jáde. Lẹ́yìnkùlé, omi ìwẹ̀ mi ń hó títí ó fi gbẹ sórí iná.

Nígbà tí wọ́n padà, ọmọ ti ń mí, ojú rẹ̀ wú. Mo kúnlẹ̀. Èmi, ìyá, kúnlẹ̀ fún ọmọ mi.

"Gbénga, mi ò mọ̀ pé agolo yẹn ló máa mú."

Ó fa ọmọ mọ́ra.

"Màámi, èmi kì í pa ojú dé bí wọ́n bá ń gbàdúrà. Láti kékeré ni, ẹ ti nà mí nítorí rẹ̀ rí. Mo ń wò yín. Ẹ rí i nígbà tó mú un. Ẹ tún pa ojú dé."

Ó nawọ́ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ máa lọ sílé, mà. Ẹ ò ní wẹ̀ ẹ́. Ẹ ò ní gbé e. Ẹ máa lọ."

Susanna ló bá mi ká ẹní mi. Ó gbé e lé mi lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ọjọ́ yẹn ló kọ́kọ́ pè mí ní ìwọ. "Matilda, mo sọ fún ọ pé kí o máa wo ilẹ̀."

Mo padà sí Ìkòtún. Nínú ìjọ, wọ́n ní kí n lọ jókòó lẹ́yìn, níbi àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mi ò lọ mọ́ rárá. Aṣáà ni mo ń lá, ní gbangba, níwájú ilé, kí ẹni tó bá fẹ́ wò mí wò mí dáadáa.

Lẹ́yìn náà ni Gbénga wá. Kò wọlé, ó dúró níta.

"Màámi, bí ẹ bá jáwọ́ nínú rẹ̀, ẹ ó wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n mi ò gba ẹ̀jẹ́ yín mọ́. Ẹlẹ́rìí ni mo fẹ́."

"Ta ni ẹlẹ́rìí?"

"Ìyá Abigail. Ẹ̀bá ilé yín ni wọ́n ń gbà kọjá láràárọ̀ bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀ lọ sílé wọn ní ọ̀nà Ìgandò, kí wọ́n tó wá wẹ ọmọ lọ́dọ̀ wa. Wọ́n á máa yà wò yín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ní ó tó, ó tó."

"Ó gbà?"

"Kíá ni wọ́n gbà."

Mo mọ̀ pé kíá ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ó ti dé, pẹ̀lú ìwé orin lábíyá. Ó wọ pálọ̀ mi lọ, ó wọ́ àga onígi kan jáde, ẹsẹ̀ àga náà ń ha sìmẹ́ńtì lọ kíríkírí. Ó jókòó.

"Ya ẹnu."

"Mo ti lá a."

"Mo mọ̀. Òórùn rẹ ti wá pàdé mi ní títì." Ó dìde. "Ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín báyìí o. Bí mo bá da omi sí i níkùn, á rẹ́rìn-ín."

Ó lọ. Mo jókòó síbẹ̀ tí inú ń bí mi.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nítorí mo ti ka irú ìtàn yìí nínú ìwé ìròyìn, wọ́n á ní ìfẹ́ ọmọ ló gbé àwọn dìde. Ìfẹ́ kọ́ ló gbé mi dìde. Ìkórìíra ni. Mo fẹ́ kí obìnrin yẹn dé láàárọ̀ ọjọ́ kan kó má rí ohunkóhun bú.

Mi ò búra mọ́. Mi ò sì ju agolo nù. Mo ti jù ú nù rí, ẹ sì rí ohun tó fà. Mo gbé e sórí wíńdò níbi tí màá ti máa rí i. Mo wá sọ fún ara mi pé: Matilda, lá a, ṣùgbọ́n fọ ojú rẹ ná. Ìyẹn nìkan. Mo ṣe é, kò sì pa mí. Nígbà tí ìyẹn mọ́ mi lára, mo ní kí n gbá iwájú ilé kí n tó lá a. Lẹ́yìn náà, kí n pọnmi. Lẹ́yìn náà, kí Susanna wá kó sì lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ pé díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà, bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe ń jáde.

Ẹnu mi ni kò rí iṣẹ́ ṣe. Ẹnu tí kò bá níṣẹ́ á padà sí bárakú rẹ̀. Mo ki pákò bọ̀ ọ́. Bí mo ṣe ń rin ín lọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí pe àwọn orúkọ náà, àwọn tó yẹ kí n máa pè sí ọmọ létí. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹnìkan ṣoṣo. Bí mo bá ti pe tòun pẹ̀lú oríkì rẹ̀ láìfò, àárọ̀ ọjọ́ mìíràn mo fi ẹlòmíràn kún un. Kí n tó dé ìparí, ọ̀fun mi á ti gbàgbé ohun tó ń béèrè.

Susanna á jókòó, á máa wò mí. Mo ti ń gbé àga náà síta fún un kí ó tó dé. Ẹ má pè é ní ọ̀wọ̀ o. Híha tó ń ha mọ́ sìmẹ́ńtì ni mi ò fẹ́ gbọ́.

"Ya ẹnu. Ahọ́n rẹ dà bí ìdí ìkòkò."

"Tìrẹ tó mọ́, ọ̀rọ̀ rere wo ló ti sọ rí?"

"Ó sọ fún Abigail pé kó má fẹ́ ọmọ ilé yìí."

"Kò gbọ́. Ó lọ́gbọ́n jù ọ́ lọ."

Bí a ṣe ń kíra nìyẹn. Kò sí àárọ̀ tó pa jẹ, bí òjò bá tiẹ̀ pọ̀ jù, á wá pẹ̀lú agbòòrùn, á ní, "Mo rò pé o ti máa lo òjò ṣe àwáwí."

Nígbà tó yá, odidi ọjọ́ á kọjá, mi ò ní fọwọ́ kan agolo. Ìgbà yẹn ni Julius tún yọjú ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó bá mi nídìí ẹ̀gúsí tí mo ń ṣà. A ṣeré, a rántí ìyá wa, ó na ọwọ́ rẹ̀ sí mi bí ẹni na iyọ̀ síni. Mo lá a. Ó dùn débi pé mo sunkún.

Nígbà tí Susanna dé láàárọ̀, mo ti fọnu, mo ti jẹ orógbó. Mo ya ẹnu. Ó gbé imú sún mọ́ mi, ó dúró. Ó tún gbóòórùn ìka mi. Mo mọ̀ pé ó ti mọ̀. Mo ti rí Gbénga lójú inú mi tó ń mi orí.

"Lọ sọ fún un," ni mo wí.

"Mi ò ní sọ."

"Kí ló dé?"

Ó ṣí ìwé orin rẹ̀, ó tún pa á dé. "Bí mo bá sọ, Gbénga á ní ó parí, kí n má yà síbí mọ́. Èmi ò tíì fẹ́ kó parí. Mo ń gbádùn kí n máa rí ojú rẹ báyìí láàárọ̀." Ó dìde, ó ti àga mi sẹ́yìn. "Ọ̀la, bẹ̀rẹ̀ láti ibi fífọ ojú. Àbí o ti gbàgbé ọ̀nà?"

Ẹ̀yin òǹkàwé, kò sí ẹni tó bú mi tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Mo sọ fún Julius kí ó má wá sílé mi mọ́ bí aṣáà bá wà lápò rẹ̀. Ó bínú, ó ní mo ti di ọmọ Áńgílíkà. Ní ọjọ́ kejì mo fọ ojú. Mo gbálẹ̀. Mo pọnmi. Mo rin pákò. Mo gbé àga síta. Mo sì ń ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ, débi pé ọjọ́ tí aṣáà kan mi gbẹ̀yìn, mi ò lè sọ ọ́. Mi ò mọ̀ ọ́n. Kò sí ìdágbére láàárín wa.

Ọyẹ́ ọdún kejì ti mú nígbà tí Susanna dé láàárọ̀ ọjọ́ kan tí ọmọ wà lẹ́yìn rẹ̀. Kò ní kí n ya ẹnu. Ó tú ọ̀já, ó gbé Adébùnmí sílẹ̀. Ọmọ náà dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó wò mí, ó sá sẹ́yìn ìró Susanna.

"Gbénga ní kí o wẹ̀ ẹ́."

Mo gbé omi kaná. Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀ mi. Ọmọ tó ti ń rìn, ta ló ń gbé e lé ojúgun? Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gùn kọjá tèmi. Ó ta mí nípàá nínú, ó ń na ọwọ́ sí Susanna, ó ń ké, "Màmá, Màmá." Èmi kọ́ ló ń pè. Ìgbà ìwẹ̀ ọmọ mi ti lọ. Mo ti fi lá aṣáà.

Mo ṣáà da omi sí i lára. Mo ní kí n pe ti ẹni àkọ́kọ́, bó ti wù kó rí. Mo ní, "Àwẹ̀ró, ọmọ Ọdẹ́tọ́lá, ọmọ ọdẹ tó sùn nígbó tí ẹran..."

Ọmọ náà dá ẹkún dúró. Ó wò mí lójú.

"Ò rìn," ló wí, ìyẹn kò rìn, ìparí oríkì náà.

Mo gbé igbá omi sílẹ̀. Mo pe ti ẹnì kejì, mo dá a dúró láàárín. Ó parí rẹ̀ ní èdè ọmọdé. Mo pe ti ẹ̀kẹta.

Mo kọjú sí Susanna. Ó jókòó sórí àga mi, ó ń wo títì bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan.

"Ta ló kọ́ ọ?"

"Kọ́ ọ kí ni?"

"Susanna, àwọn orúkọ ilé wa. Ta ló kọ́ ọ?"

"Ìwọ lo ń pariwo wọn sí mi létí láràárọ̀ bí aago ilé ìwé. Mo délé, wọn ò lọ kúrò lórí mi. Kí ni kí n fi wọ́n ṣe? Mo ń pè wọ́n bí mo bá ń wẹ̀ ẹ́." Ó gbọn ìró rẹ̀. "Àwọn kan nínú wọn kò tiẹ̀ dára. Ọ̀lẹ ni ẹni kẹta yẹn, ó hàn nínú oríkì rẹ̀."

Ẹ rò pé mo dì mọ́ ọn. Mi ò dì mọ́ ọn. Inú bí mi ju ọjọ́ tí wọ́n lé mi ní Ẹ̀gbẹ́dá lọ. Iṣẹ́ mi ló gbà ṣe. Nǹkan kan ṣoṣo tí èmi nìkan ní nínú ayé yìí ló jí gbé lọ láràárọ̀ níwájú ilé mi, lórí àga mi. Mo sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀. Mo pè é ní olè.

Ó ní, "Tí n bá jí i, ọmọ ta ló wà ní ẹsẹ̀ rẹ yẹn tó ń ké e?"

Mo da omi tó kù sí ọmọ lára. Kò sunkún mọ́.

Susanna kò dá yíyà sílé mi dúró lẹ́yìn ìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò rán an mọ́, aṣáà kò sí mọ́, síbẹ̀ á dé láàárọ̀ bó bá ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, á jókòó, a ó bú ara wa títí oòrùn á fi mú. Mi ò dárí jì í nítorí kànrìnkàn mi. Òun náà kò dárí jì mí nítorí ojú tí mo pa dé, ó sì jàre. Ọdún 1998 ló kú. Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ní kí wọ́n má jẹ́ kí n purọ́ nílé Ọlọ́run. Lọ́jọ́ kejì ìsìnkú, mo fọ ojú, mo gbálẹ̀, mo pọnmi, mo rin pákò, mo pe àwọn orúkọ. Ìgbà tí mo máa fi mọ ohun tí mo ń ṣe, mo ti gbé àga síta.

Mo ti ń gbé e síta láti ìgbà náà. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí rẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ́jẹ̀ẹ́ ńlá nínú yín, tó ń pe ènìyàn jọ, tó ń ju agolo sí ṣáláńgá, kí ó rántí tèmi. Kí ó lọ fọ ojú rẹ̀ ná. Bí kò bá rí ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí, kí ó wá ọ̀tá kan tí kì í pa ọjọ́ jẹ.

Àti ìwọ, Adébùnmí, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi báyìí, tó ń sùn títí oòrùn á fi wọ yàrá: máa fi ojú sí àga yẹn. Àárọ̀ ọjọ́ tí o bá jí tí o kò bá rí i níta, má pè mí, má sì pariwo. Kọ́kọ́ gbé e síta ná, kí o pe àwọn orúkọ náà tán láìfò. Lẹ́yìn náà ni kí o lọ pe bàbá rẹ.